Ẹja Tí Kì Í Fi Àpáta Rẹ̀ Sílẹ̀

Ìfáàrà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó dàgbà létí odò tàbí létí ọ̀sà tí kò mọ ẹja epìyà. Bí a kò bá rí i nínú àwọ̀n apẹja, a ó rí i lórí àtẹ ní ọjà. Bí a kò bá sì rí i lórí àtẹ, a ó bá a nínú àwo ọbẹ̀. Ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ kì í sábà jọ ni lójú, nítorí náà ẹja lásán ni epìyà jẹ́ lójú ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n epìyà ní ìbátan tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn kan nínú wọn sì wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ọ̀kan nínú àwọn ìbátan wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá mi yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Àwọn ará Tonga tí ń gbé ní etí adágún Màláwì ni wọ́n ń pè é ní mbuna. Àwa lè pè é ní ẹja inú àpáta.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí á fi sọ́kàn bí a ti ń lọ. Kí ni ilé jẹ́ fún ohun alààyè? Ṣé ibi tí ó ń sùn sí lásán ni, àbí ilé gan-an ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eré, nítorí pé ọ̀kan wà nínú àwọn mbuna tí ó jẹ́ pé ojúkan ṣoṣo ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀.

Adágún Màláwì

Adágún Màláwì wà ní apá gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni ó yí i ká: Màláwì, Mòsáńbíìkì àti Tàǹsáníà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 580 kìlómítà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí ènìyàn ti Èkó lọ sí Ìlọrin kí ó sì tún padà. Ibi tí ó fẹ̀ jù tó 75 kìlómítà, ibi tí ó sì jìn jù lọ sísàlẹ̀ tó 700 mítà. Nínú àwọn adágún ńláńlá ilẹ̀ Áfíríkà, Victoria àti Tanganyika nìkan ni ó tóbi jù ú lọ. Ní ọdún 1859 ni David Livingstone dé etí rẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tí ó bá níbẹ̀ ti ń mu omi rẹ̀, wọ́n sì ti ń pa ẹja rẹ̀ jẹ, kí baba ńlá Livingstone tó dáyé.

Ohun tí ó sọ adágún yìí di àràbà láàárín àwọn adágún ni ẹja inú rẹ̀. Irú ẹja ìdílé epìyà tí ó wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti fojú bù ú, wà láàárín 700 sí 1,000, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni a kò lè rí níbòmíràn láyé àfi níbẹ̀. Àwọn kan ń gbé ní àárín omi, àwọn kan ń gbé lórí yanrìn. Àwọn mbuna ní tiwọn, àárín òkúta ńláńlá tí ó wà létí adágún àti ní ìdí àwọn erékùṣù ni wọ́n ń gbé. Wọn kò tóbi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ara wọn ń dán bí aṣọ ọjọ́ ọdún: òmíràn rí bí aró, òmíràn pọ́n bí ọsàn, òmíràn funfun, òmíràn sì ní ilà dúdú lára bí àdìrẹ.

Òkúta Kan, Ẹnu Púpọ̀

Omi adágún náà mọ́ gaara, oòrùn sì ń wọ inú rẹ̀ dáadáa. Nítorí ìdí èyí, ewéko kéékèèké máa ń hù bo òkúta abẹ́ omi, irú ohun yíyọ̀ tí í máa ń gbé ènìyàn ṣubú bí ó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ létí odò. Inú ewéko yìí ni àwọn kòkòrò wíńníwínní fi ṣe ibùgbé. Oúnjẹ mbuna nìyẹn.

Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, Geoffrey Fryer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ohun alààyè inú omi, ṣiṣẹ́ ní agbègbè Nkhata Bay. Ó tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún ni bí ẹja tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe lè máa jẹun lára òkúta kan náà láìlé ara wọn lọ. Ẹnu wọn ni ó gbé ìdáhùn náà dání.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní Labeotropheus fuelleborni. Imú rẹ̀ yọ síwájú bo ẹnu, ẹnu náà sì wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nígbà tí ẹja mìíràn ní láti dorí kodò kí ó tó lè họ òkúta jẹ, èyí kàn máa ń nà gbalaja lára òkúta ni, tí ó ń họ ọ́ bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi. Àwọn Petrotilapia ní eyín wẹ́wẹ́ tí ó pọ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ń ya ewéko náà bí ìyàwó ti ń fi òòyà ya irun. Àwọn Labidochromis ní eyín ṣóńṣó tí wọ́n fi ń ṣa kòkòrò láàárín ewéko lọ́kọ̀ọ̀kan. Genyochromis mento ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni du ewéko. Ìpẹ́ àti lẹbẹ ara àwọn ẹja yòókù ni ó ń já jẹ. Kò sí àwùjọ tí kò ní olè tirẹ̀.

Àrà mìíràn tún wà tí gbogbo ìdílé epìyà jọ ní, títí kan epìyà tiwa: wọ́n ní àgbọ̀n kejì nínú ọ̀fun. Àgbọ̀n iwájú a mú oúnjẹ, ti ọ̀fun a sì lọ̀ ọ́. Nítorí pé iṣẹ́ lílọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnu, ẹnu lè yí padà di irinṣẹ́ oríṣiríṣi, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń fi irin kan náà rọ ọkọ́, àdá àti ọ̀bẹ.

Ẹnu Ìyá Ni Ibùsùn Ọmọ

Bí mbuna bá fẹ́ yé, ẹyin rẹ̀ kì í pọ̀. Bí ẹja àrọ̀ ti ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹyin mbuna lè má ju ogún tàbí ọgbọ̀n lọ. Bí abo bá ti yé wọn sórí òkúta, kíá ni yóò ti kó wọn sẹ́nu. Akọ ní àmì róbótó-róbótó tí ó pọ́n bí ẹyin lára lẹbẹ abẹ́ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 1962, Wolfgang Wickler, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàlàyé pé abo a máa rò pé ẹyin òun ni àwọn àmì yìí. Bí ó bá ti ń gbìyànjú láti ṣa wọ́n, àtọ̀ akọ ni yóò fà sẹ́nu, ẹnu rẹ̀ sì ni ẹyin náà yóò ti di ọlẹ̀.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá yóò fi gbé ọmọ sẹ́nu, kò sì ní lè jẹun bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣàjèjì sí wa, nítorí ó wà ní ilé: lára àwọn epìyà tiwa, abo oríṣi kan máa ń gbé ọmọ sẹ́nu, ní ti epìyà dúdú-àgbọ̀n inú ọ̀sà Èkó sì rèé, bàbá ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ọmọ bá gbó, ìyá a tú wọn sílẹ̀ sáàárín òkúta. Ibi tí ó yẹ kí a fiyè sí jù lọ nìyí. Omi kò gbé ọmọ mbuna lọ sí ibìkankan nígbà tí ó wà ní ẹyin, kò sì gbé e lọ nígbà tí ó jẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Àárín òkúta tí ìyá rẹ̀ ń gbé ni òun náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ ayé, ibẹ̀ ni yóò dàgbà sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti bímọ.

Yanrìn Tí Ó Di Odi

Mbuna kì í fẹ́ fi òkúta sílẹ̀. Bí ó bá jáde sórí yanrìn gbalasa, kò sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí, ẹja ńlá yóò sì gbé e mì; kò sì ní bá oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, yanrìn tí ènìyàn lè fi ìṣẹ́jú díẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ kọjá lè di odi ìlú fún mbuna. Àwọn tí ó wà ní apá ìhín kì í fẹ́ àwọn tí ó wà ní apá ọ̀hún. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìyàtọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí wọlé: àwọ̀ ìhín a máa dúdú sí i, ti ọ̀hún a máa pọ́n sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa ẹ̀ka èdè, ẹ ti mọ irú nǹkan báyìí. Èdè kan náà ni gbogbo wa ń sọ, ṣùgbọ́n òkè, odò àti igbó dí ọ̀nà láàárín àwọn baba wa, títí ohùn Èkìtì fi yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú, tí ti Oǹdó sì yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè kọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ẹja kò lè pa àwọ̀ dà láti bá aládùúgbò mu.

Omi adágún náà kò sì dúró lójú kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti gbẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé láàárín nǹkan bí 135,000 sí 75,000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dá ńlá mú kí omi náà fà ju 500 mítà lọ nígbà kan. Àpáta tí ẹja ń gbé lónìí ti di òkè gbígbẹ rí. Omi sì tún padà dé, ó bò wọ́n, ẹja sì tún ilé kọ́.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ àbùdá ọ̀kan nínú àwọn mbuna jáde, èyí tí í ṣe Maylandia zebra, pẹ̀lú ti epìyà odò Náílì àti ti ẹja mẹ́ta mìíràn nínú ìdílé kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018 nípa ọ̀pọ̀ ẹja adágún Màláwì sì fi hàn pé ìyàtọ̀ àbùdá tó wà láàárín wọn kéré púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn sún mọ́ra. Bí a bá sé oríṣi méjì mọ́ ibì kan, wọ́n lè bímọ fún ara wọn. Kí ni ó wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ilé ni, àti ìyàn tí abo ń yàn: nínú omi tí ó mọ́, abo a máa wo àwọ̀ akọ irú tirẹ̀ kí ó tó tẹ̀ lé e.

Òkìtì Àpáta Kan Ṣoṣo

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ gbé dùn wá. Lẹ́bàá erékùṣù Chizumulu, tí ó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Màláwì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi Mòsáńbíìkì ni ó yí i ká, òkìtì àpáta kan wà lábẹ́ omi tí wọ́n ń pè ní Taiwanee. Ibẹ̀ nìkan ni ẹja kan ń gbé ní gbogbo àgbáyé. Ad Konings ni ó kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ ìjìnlẹ̀ nípa rẹ̀ ní ọdún 1990, ó sì sọ ọ́ ní saulosi, ní ìrántí Saulos Mwale, òmùwẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Màláwì tí í máa ń kó ẹja. Láti ọdún 2016 ni orúkọ ìdílé tí wọ́n fi ṣáájú orúkọ náà ti di Chindongo. Nítorí náà Chindongo saulosi ni a ó máa pè é.

Abo rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú bí èso ìyeyè. Akọ náà bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú àwọ̀ yìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dàgbà tí ó sì gba ilẹ̀ tirẹ̀ láàárín òkúta, ara rẹ̀ a di aró, ilà dúdú a sì là á ní ìbú. Lára ọ̀pọ̀ mbuna, akọ nìkan ni ó lẹ́wà, abo a máa rí ràkọ̀ràkọ̀. Lára saulosi, takọtabo ni ó lẹ́wà. Ó kéré, kì í sì í jà bí àwọn yòókù. Ẹwà yìí ni ó di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń kó mbuna láti adágún Màláwì lọ sí òkèèrè, fún àwọn tí ń sin ẹja sínú àpótí dígí ní ilé. Òmùwẹ̀ a wọ inú omi pẹ̀lú àwọ̀n, a dẹ ẹ́ sáàárín òkúta, ẹja a sì wọ bàálù lọ sí Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Éṣíà. Fún ẹja tí ilé rẹ̀ nà lọ lẹ́bàá etí omi, bí a bá mú díẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò ṣẹ́kù. Fún ẹja tí òkìtì kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ilé rẹ̀, tí ẹni tí ń rà sì ń fẹ́ ìyá bí ó ti ń fẹ́ bàbá, tí ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀, àwọ̀n kò ní pẹ́ gbá a tán. Ní ọdún 2018, àjọ IUCN tí ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun alààyè tí ó wà nínú ewu ní gbogbo ayé fi saulosi sí ipò tí ó ṣáájú ìparun nínú igbó àti nínú omi gan-an.

Ìjọba Màláwì kò sùn. Wọ́n dá ọgbà ìpamọ́ sílẹ̀ ní apá gúúsù adágún náà ní ọdún 1980, àjọ UNESCO sì fi í kún àwọn ogún àgbáyé ní ọdún 1984. Ṣùgbọ́n ọgbà náà kò ju nǹkan bí 94 kìlómítà ní ìbú lóròó lọ nínú adágún tí ó tó 29,600. Taiwanee kò sí nínú rẹ̀.

Ṣé Àpótí Dígí Lè Di Ilé?

Ẹnìkan lè bi mí pé: saulosi ha ti pọ̀ nínú àpótí dígí káàkiri ayé bí? Bẹ́ẹ̀ ni, ó pọ̀. Àwọn ènìyàn ń sìn ín, ó sì ń bímọ níbẹ̀. Kí ni à ń sunkún sí nígbà náà?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù Thumbi West, nínú ọgbà ìpamọ́ tí mo wí yẹn, lè jẹ́ ìdáhùn kìíní. Ní àárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n da mbuna kan tí ń jẹ́ Cynotilapia afra sí etí erékùṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ó tàn kálẹ̀, ìwádìí àbùdá sì fi hàn ní ọdún 2004 pé ó ti bá mbuna onílé bímọ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú adágún tí ó fẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú àpótí tí wọ́n kó ẹja òkìtì mẹ́fà sí lójú kan? Ìran kan kò ní kọjá kí ẹja náà tó di ẹni tí kò mọ baba.

Èkejì ni pé nínú àpótí, abo kọ́ ni ó ń yan ọkọ, oníbàárà ni. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá wu ènìyàn ni wọn yóò sìn. Kò sí ẹja ńlá tí yóò lé e, kò sí ewéko òkúta tí yóò họ, kò sí ilẹ̀ tí yóò jà fún. Ara rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ohun tí ó dá ara náà kò sí mọ́.

N kò sọ pé iṣẹ́ àwọn tí ń sin ẹja kò wúlò. Ẹja tí a bá mọ ìran rẹ̀, tí a kò jẹ́ kí ó dàpọ̀, dà bí àgbàdo tí bàbá àgbẹ̀ so rọ̀ sí òkè àdògán de ọdún tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn orí àjà kì í ṣe oko. Bí kò bá sí ilẹ̀ tí a ó gbìn ín sí mọ́, òfo ni.

N kò sì fẹ́ kí á máa bú àwọn òmùwẹ̀. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Owó ẹja ni ó ń rán ọmọ ẹlòmíràn lọ sí ilé-ìwé. Ohun tí ó lè ṣe é ni pé kí á fi òkìtì náà sílẹ̀ fún ìwọ̀n ọdún kan kí ẹja ibẹ̀ bímọ, kí àwọn ará erékùṣù fúnra wọn máa ṣọ́ ọ, kí owó ìṣọ́ náà sì kàn wọ́n lọ́wọ́. Kí àwọn tí ń rà ní òkèèrè sì máa ra èyí tí a sìn, kí wọ́n yéé ra èyí tí a mú láti inú adágún.

Àsọkágbá

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá wo ẹnu mbuna, òkúta ni ó dá a bẹ́ẹ̀. Bí a bá wo àwọ̀ rẹ̀, yanrìn tí ó yí òkúta ká ni ó pa á mọ́. Bí a bá wo bí ó ti ń tọ́mọ, a ó rí i pé ọmọ kò kúrò ní ẹsẹ̀ ìyá. Ẹ mú òkúta náà kúrò, orúkọ lásán ni yóò kù, orúkọ òmùwẹ̀ kan lára ẹja tí kò nílé.

Nítorí náà, ní ọjọ́ mìíràn tí a bá jókòó ti ọbẹ̀ epìyà, kí á rántí pé ó ní ìbátan kan ní ọ̀nà jíjìn, tí ó wà lórí òkìtì kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ń febi pa ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ lè yè. Ìyá náà ti ṣe ipa tirẹ̀. Ó ku ti ọmọ ènìyàn.